Orúkọ Kan, Ọjọ́ Méjì: Lámèyítọ́ lórí Orísun àti Ìgbajúmọ̀ Orúkọ Obìnrin náà, Aya, ní Abidjan

ÀṢAMỌ̀

Aya jẹ́ ọ̀kan lára àwọn orúkọ ọjọ́ tí àwọn Baoulé ilẹ̀ Côte d'Ivoire máa ń sọ ọmọbìnrin. Láti ọdún 2005 tí ìwé aláwòrán tí a pè ní Aya de Yopougon ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, orúkọ náà ti di mímọ̀ jìnnà sí ilẹ̀ tí ó ti ṣẹ̀, oríṣiríṣi àlàyé sì ni àwọn ènìyàn ń ṣe lórí ìtumọ̀ rẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí ṣe lámèyítọ́ àwọn àlàyé náà. Ó tú ìhun orúkọ náà palẹ̀, ó fi í wé ètò orúkọ ọjọ́ nínú èdè Twi, Ewe, Hausa àti Yorùbá, ó sì yẹ ohun tí àkọtọ́ Faransé àti òfin orúkọ ọdún 1964 ṣe sí i wò. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé orúkọ tí kò bá ara wọn tan ni ó fara pamọ́ sábẹ́ lẹ́tà mẹ́ta yìí, pé ìgbajúmọ̀ òde òní ń jàǹfààní nínú ìjọra náà, àti pé àǹfààní yìí kan náà ni ó ń pa ọjọ́ tí ó wà nínú orúkọ náà rẹ́.

1.0 ÌFÁÁRÀ

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi máa ń bẹ̀rẹ̀ àlàyé lórí orúkọ Yorùbá, kò sì yani lẹ́nu, nítorí pé orúkọ àbísọ Yorùbá sábà máa ń jẹ́ odidi gbólóhùn tí ó ń ròyìn ipò ilé, ìdílé tàbí ẹ̀sìn àwọn òbí. Láàrin àwọn Baoulé ní àárín gbùngbùn Côte d'Ivoire, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń wò yàtọ̀. Ọjọ́ ni wọ́n ń wò. Ọmọ tí a bá bí ti gba orúkọ kan kí ẹnikẹ́ni tó ronú nípa rẹ̀, nítorí pé ọjọ́ tí ó wọ ayé ti mú orúkọ wá fún un. Bí a bá fẹ́ lo èdè Yorùbá láti ṣàpèjúwe rẹ̀, orúkọ ọjọ́ sún mọ́ orúkọ àmútọ̀runwá ju orúkọ àbísọ lọ, àyàfi pé kò sí ọmọ kan tí kò ní tirẹ̀.

Iṣẹ́ lórí orúkọ ènìyàn ti pọ̀ ní ẹkùn ilẹ̀ wa. Samuel Johnson ti pín orúkọ Yorùbá sí ìsọ̀rí nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ ní ọdún 1921. Niyi Akinnaso kọ nípa ìbáṣepọ̀ orúkọ Yorùbá àti àwùjọ ní ọdún 1980. Adébóyè Babalọlá àti Olúgbóyèga Àlàbá sì gbé ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá jáde ní ọdún 2003. Ní apá ọ̀dọ̀ àwọn Akan, Kofi Agyekum ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2006. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan orúkọ ọjọ́, àṣà mẹ́ta kan wà tí ó ń ṣe àlàyé níjàǹbá. Èkíní ni pé a máa ń to orúkọ méjèèje sínú àtẹ, a ó sì fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìtú ìhun wọn. Èkejì ni pé a máa ń fún orúkọ tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ bá jọra ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ̀kẹta ni pé bí orúkọ kan bá gbajúmọ̀, a ó ní dídùn rẹ̀ létí ni ó fà á, a ó sì fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀. Orúkọ Aya ni àpilẹ̀kọ yìí fi yẹ àṣà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò, nítorí pé òun ni àwọn àṣà náà ti ṣì lọ́nà jù lọ.

2.0 ÌHUN ORÚKỌ NÁÀ

Ọjọ́ méje ni ó wà nínú ọ̀sẹ̀ àwọn Baoulé. Bí a bá fi àkọtọ́ tí ó wọ́pọ̀ ní Abidjan kọ wọ́n, tí a sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, àwọn ni Kissié, Djôlê, Mlan, Wé, Ya, Foué àti Monnin. Orúkọ ọkùnrin tí ó bá wọn lọ ni Kouassi, Kouadio, Konan, Kouakou, Yao, Koffi àti Kouamé. Ti obìnrin ni Akissi, Adjoua, Amenan, Ahou, Aya, Affoué àti Amoin.

Bí ènìyàn bá ka àtẹ yìí lásán, ohun tí yóò rí ni orúkọ mẹ́rìnlá. Bí ó bá fi orúkọ ọjọ́ fúnra rẹ̀ ti orúkọ ènìyàn, nǹkan mìíràn yóò hàn. Orúkọ obìnrin sún mọ́ orúkọ ọjọ́ ju ti ọkùnrin lọ. Akissi gbé Kissié dání. Amenan, tí àwọn mìíràn ń kọ ní Amlan, gbé Mlan. Affoué gbé Foué. Amoin gbé Monnin. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- ni a fi kún orúkọ ọjọ́, ó sì di orúkọ ọmọbìnrin. Ní Adjoua àti Ahou, ojú orísun náà ti yí díẹ̀, ṣùgbọ́n a- ṣì dúró níwájú. Ní ti ọkùnrin, apá ìbẹ̀rẹ̀ tí a ń kọ ní Kou- tàbí Ko- ni ó gba ọ̀pọ̀ orúkọ, ohun tí ó sì tẹ̀ lé e kò fi bẹ́ẹ̀ jọ orúkọ ọjọ́ mọ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ Kouakou kò lè fi etí lásán mọ̀ pé Wé ni ọjọ́ rẹ̀.

Aya ni ó hàn kedere jù nínú gbogbo wọn: a- àti Ya, kò sí ìró kan tí ó sọnù. Èyí ṣe pàtàkì bí a bá fi í wé Twi. Orúkọ obìnrin ní Twi ni Akosua, Adwoa, Abena, Akua, Yaa, Afua àti Ama. Mẹ́fà nínú wọn ni ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú a-. Yaa nìkan ni kò ní i. Ní apá ọkùnrin náà, Yaw nìkan ni kò gba ìbẹ̀rẹ̀ Kw- tàbí Ko- tí Kwasi, Kwadwo, Kwabena, Kwaku, Kofi àti Kwame ní. Ìyẹn ni pé ọjọ́ yìí jẹ́ aláìgbọràn sí òfin ní ìhà méjèèjì ní Twi. Baoulé fi Yao sílẹ̀ bí ó ti wà fún ọkùnrin, ṣùgbọ́n ti obìnrin wọ inú ètò: ó gba a- bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ewe, tí ó ń lo irú ètò orúkọ ọjọ́ yìí kan náà, ní Yawa àti Ayawa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nítorí náà, gbólóhùn tí ó sọ pé Aya jẹ́ Yaa tí a kọ ní ọ̀nà Faransé kò tọ̀nà. Ìbátan ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìhun wọn yàtọ̀, ìyàtọ̀ náà sì jẹ́ ti mọ́fíìmù. Kò kan àkọtọ́.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra fún ìfiwéra mìíràn tí ó lè tan onímọ̀ tí ó gbọ́ Yorùbá jẹ. Yorùbá náà ní orúkọ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú a tàbí à: Abọ́sẹ̀dé, Abíọ́dún, Àbẹ̀kẹ́, Àjàní. Ṣùgbọ́n a- inú Abọ́sẹ̀dé ń sọ àpólà ìṣe di orúkọ, ẹni tí ó bá ọ̀sẹ̀ dé; à- inú oríkì sì wà fún ọkùnrin àti obìnrin, gẹ́gẹ́ bí Àjàní àti Àbẹ̀kẹ́ ti fi hàn. Ti Baoulé ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, obìnrin ni ó sì ń tọ́ka sí nínú ètò yìí. Ojú ni ó jọra. Iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Láti ìgbà tí àwọn onímọ̀ ti yọ Yorùbá kúrò nínú ìdílé Kwa sínú Benue-Congo, ìdí ti túbọ̀ wà láti má ṣe fi ìjọra kékeré bẹ́ẹ̀ sọ ìtàn ìdílé èdè.

3.0 ỌJỌ́BỌ̀ TÀBÍ ẸTÌ?

Ìwé orúkọ kan yóò sọ pé Aya ni ọmọbìnrin tí a bí ní Ọjọ́bọ̀; òmíràn yóò sọ pé ọjọ́ Ẹtì ni. Àwọn òǹkàwé sábà máa ń rò pé ọ̀kan nínú wọn purọ́. Òtítọ́ ni pé ilẹ̀ méjì ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí láìdárúkọ wọn. Ní Kumasi, Yaa ni ọmọ Ọjọ́bọ̀. Yaa Asantewaa tí ó ṣáájú ogun ọdún 1900 ni gbogbo ayé mọ̀ jù. Ní Bouaké àti Yamoussoukro, ní ilẹ̀ Baoulé, Aya ni ọmọ ọjọ́ Ẹtì.

Bí ó bá jẹ́ Aya nìkan ni ó yàtọ̀ báyìí, a lè pè é ní àṣìṣe. Ṣùgbọ́n ọjọ́ méjèèje ni ó sún síwájú ní ìgbésẹ̀ kan. Kwasi jẹ́ ọmọ ọjọ́ Àìkú ní Twi; Kouassi jẹ́ ọmọ ọjọ́ Ajé ní Baoulé. Kofi jẹ́ ọmọ ọjọ́ Ẹtì ní Twi, bí Kofi Annan tí a bí ní Kumasi ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 1938. Koffi jẹ́ ọmọ Àbámẹ́ta ní Baoulé. Kwame jẹ́ ọmọ Àbámẹ́ta. Kouamé jẹ́ ọmọ Àìkú. Ìtòtẹ̀léra àwọn ọjọ́ náà kò yí padà rárá: ẹni tí ó bá ka ọjọ́ láti Kwasi dé Kwame ní Twi yóò bá wọn ní ìtòtẹ̀léra kan náà ní Baoulé. Ibi tí àyípo náà ti pàdé ọ̀sẹ̀ tí ó ti òkè òkun wá nìkan ni ó yàtọ̀.

Ohun tí èyí kọ́ni ni pé ìtumọ̀ orúkọ ọjọ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ “Ọjọ́bọ̀” tàbí “Ẹtì”. Ya ni ìtumọ̀ Aya. Ya jẹ́ ipò kan nínú àyípo ọjọ́ méje, ó wà láàrin Wé àti Foué, àyípo náà sì ní ètò tirẹ̀ láìka kàlẹ́ńdà mìíràn sí. Nígbà tí ìwé atúmọ̀ bá kọ ọjọ́ Ẹtì síwájú Aya, ìbáramu ni ó fún wa. Ìbáramu wúlò, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a pè é ní ìtumọ̀, ó sì gbọdọ̀ sọ èdè tí ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Orúkọ tí ó ń ṣiṣẹ́ kan náà wà lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò. Hausa ń pe ọmọbìnrin tí a bí ní ọjọ́ Ẹtì ní Jummai, wọ́n sì ń pe ọkùnrin ní Danjuma. Láàrin àwọn Yorùbá Mùsùlùmí, Jímọ̀ ni ọmọkùnrin tí a bí ní ọjọ́ náà. Bọ́sẹ̀, ìyẹn Abọ́sẹ̀dé, ni a sábà máa ń sọ ọmọbìnrin tí a bí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀. Abidjan jẹ́ ìlú tí gbogbo wọn ti ń pàdé. Àwọn Yorùbá, tí a mọ̀ sí Anango níbẹ̀, ti pẹ́ ní ìlú náà, àwọn ọmọ Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì pọ̀ gidigidi láàrin wọn. Jímọ̀ tí a bí ní Treichville àti Aya tí a bí ní àdúgbò kan náà ní ọjọ́ Ẹtì kan náà ń sọ ohun kan náà pẹ̀lú orúkọ wọn. Èdè Lárúbáwá ni ọ̀kan gbà kọjá, àyípo ọjọ́ Akan sì ni èkejì gbà.

4.0 ÀKỌTỌ́, OHÙN ÀTI ÒFIN

Àkọtọ́ Faransé ni ó gbé Aya wọ inú ìwé ìjọba, àkọtọ́ náà kò sì ní àyè fún ohùn. Baoulé jẹ́ èdè olóhùn bí Yorùbá. Àwọn onímọ̀ ní Institut de Linguistique Appliquée ti Abidjan gbé ìlànà àkọtọ́ kan kalẹ̀ fún àwọn èdè ilẹ̀ náà ní ọdún 1979. Ìlànà náà gba kí a fi àmì bí àpósítírófì àti dáàṣì síwájú ọ̀rọ̀ láti tọ́ka ohùn nínú àwọn èdè kan. Ìwé ìbí kò tẹ̀ lé e. Akọ̀wé ìjọba ń kọ ohun tí ó gbọ́ bí ó ti máa kọ ọ̀rọ̀ Faransé, ìdí nìyí tí Kouassi fi ní ou, tí Affoué fi ní f méjì, tí orúkọ kan náà sì ń jẹ́ Amenan nínú ìwé kan, Amlan nínú òmíràn.

Òǹkàwé Yorùbá kò nílò àlàyé gígùn lórí ewu tí ó wà nínú èyí. Bí a bá kọ aya láìfi àmì sí i, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ bóyá ìyàwó ni tàbí àyà tí ọkàn wà nínú rẹ̀. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ láàrin èdè méjì tàbí mẹ́ta nígbà tí wọ́n bá fi lẹ́tà kan náà kọ orúkọ wọn. Ní Twi, aya ni ewéko kan tí ó máa ń hù ní ibi tí ilẹ̀ tutù, ó sì wà lára àwọn àmì adinkra, níbi tí ó ti dúró fún ìfaradà. Nínú èdè Lárúbáwá, āya jẹ́ àmì, ó sì tún jẹ́ ẹsẹ inú Kùránì. Orúkọ ọmọbìnrin ni láàrin ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí láti Mọ̀rókò títí dé Lẹ́bánónì. Ní Japáànù, Aya jẹ́ orúkọ obìnrin tí a lè fi oríṣiríṣi àmì ìkọ̀wé kọ, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ń bá àmì tí a bá yàn lọ. Ìwé orúkọ tí ó bá sọ pé “Aya, orúkọ ilẹ̀ Áfíríkà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìfaradà” ti mú ewéko Twi, ó ti fi rọ́pò ọjọ́ Baoulé, kò sì sọ fún òbí tí ó ń kà á pé ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Òfin náà ní ipa tirẹ̀. Òfin 64-373 ti ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 1964 ní Côte d'Ivoire sọ ọ́ di dandan kí ọmọ jẹ́ orúkọ bàbá. Ní ètò àtijọ́, orúkọ ọjọ́ jẹ́ ti ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ nìkan. Ọmọ kò lè jogún ọjọ́ ìbí bàbá rẹ̀. Lábẹ́ òfin tuntun, Kouassi tàbí Koffi tí ó jẹ́ ọjọ́ ìbí ẹnì kan di orúkọ ìdílé gbogbo àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀. Bí a bá ní obìnrin kan tí ó ń jẹ́ Kouassi Aya Marie, ọjọ́ méjì ni ó wà nínú orúkọ rẹ̀. Kouassi ni ọjọ́ Ajé ti baba ńlá kan, akọ ni, kò sì kan obìnrin náà. Aya ni ọjọ́ tirẹ̀. Marie sì ni orúkọ tí ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́ ń pè é. Ipò àárín tí ó bọ́ sí yìí ni ó sọ Aya di orúkọ ilé, tí Marie fi di orúkọ òde.

Ẹ̀rí pàtàkì kan wà níhìn-ín fún onímọ̀ ẹ̀dá-èdè. Orúkọ ọjọ́ ti ọkùnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó di orúkọ ìdílé, nítorí pé ti bàbá ni òfin ní kí a jogún. Orúkọ bí Kouassi, Konan àti Kouamé ti tipa bẹ́ẹ̀ pàdánù ọjọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń jẹ́ wọn. Aya, Akissi àti Affoué kò bọ́ sínú ìjogún bàbá, wọ́n sì ṣì ń sọ ọjọ́ ẹni tí ó ń jẹ́ wọn. Ètò tí ó hàn nínú ìhun ní ìpín 2.0 tún hàn nínú ìtàn òfin: orúkọ obìnrin ni ó pa ọjọ́ mọ́.

5.0 YOPOUGON ÀTI ÌGBAJÚMỌ̀ ÒDE ÒNÍ

Ní ọdún 2005, ìwé méjì jáde tí orúkọ obìnrin Akan wà lẹ́yìn wọn. Véronique Tadjo kọ Reine Pokou, ó sì gba ẹ̀bùn ńlá lítíréṣọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà adúláwọ̀ lọ́dún náà. Pokou ni ayaba tí ìtàn sọ pé ó kó àwọn Baoulé wá láti ilẹ̀ Asante. Abla ni orúkọ ọjọ́ rẹ̀, ó sì bá Abla ti Ewe àti Abena ti Twi ṣe déédéé. Ìwé kejì ni Aya de Yopougon, tí Marguerite Abouet kọ, tí Clément Oubrerie sì yàwòrán rẹ̀. Abouet ni a bí ní Abidjan ní ọdún 1971. Ìwé náà gba ẹ̀bùn ìwé àkọ́kọ́ ní Angoulême ní ọdún 2006. Apá mẹ́fà jáde títí di ọdún 2010, sinimá tẹ̀ lé e ní ọdún 2013, apá keje sì jáde ní ọdún 2022. Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ ní òpin ọdún mẹ́wàá 1970, ní Yopougon tí àwọn ọ̀dọ́ inú rẹ̀ ń pè ní Yop City. Aya jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, dókítà ni ó sì fẹ́ dà.

Àkọlé ìwé náà yẹ fún àgbéyẹ̀wò onímọ̀ ẹ̀dá-èdè. Orúkọ ọjọ́ kì í ya ènìyàn kan sọ́tọ̀. Ní abúlé tí wọ́n bá ti ń lo orúkọ méje fún gbogbo obìnrin, Aya yóò pọ̀ ju ohun tí a lè kà lọ. Nítorí náà, ètò yìí máa ń béèrè ọ̀rọ̀ kejì tí yóò fi ìyàtọ̀ hàn. Asantewaa ni ó yà Yaa kan sọ́tọ̀. Pokou ni ó yà Abla kan sọ́tọ̀. Nínú Aya de Yopougon, orúkọ àdúgbò ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Àkọlé yìí, tí òǹkàwé ní Paris lè rò pé ó kàn ń sọ ibi tí ìtàn ti ṣẹlẹ̀, tẹ̀ lé gírámà ìsọlórúkọ Akan. Ó gba ìlú ńlá láàyè láti jókòó sí ipò tí orúkọ ìdílé tàbí ìnagijẹ ti ń jókòó. Abouet kò ní láti ṣàlàyé èyí kí ó tó ṣiṣẹ́. Ọmọ Abidjan tí ó bá ka àkọlé náà ti mọ̀ pé Aya púpọ̀ wà, àti pé ti Yopougon ni eléyìí.

Kí ni ó wá fà á tí Aya fi tàn kálẹ̀? Àlàyé tí ó wọ́pọ̀ ni pé ó kúrú, ó rọrùn, ó sì dùn létí. Àlàyé yìí kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Ahou náà kúrú, sílébù méjì ni òun náà ní, kò sì sí ẹni tí ó ń wá a kiri ní òkè òkun. Àlàyé kejì ni pé ìwé Abouet ni ó gbé e. Èyí lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ, síbẹ̀ ó yẹ kí a dán an wò. Abouet kan náà ni ó kọ Akissi, ọ̀wọ́ ìwé tí ó ń jáde fún àwọn ọmọdé láti ọdún 2010. Akissi ní ìwé tirẹ̀, ó ní ẹ̀fẹ̀, ó sì ní ọ̀pọ̀ òǹkàwé. Ohun tí kò ní ni ojúlùmọ̀ nínú èdè mìíràn. Ìdílé Mọ̀rókò kan ní Brussels kò lè gbọ́ Akissi kí wọ́n ní tiwọn ni. Wọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa Aya, bẹ́ẹ̀ náà ni ìdílé Japáànù ní Paris.

Níbi tí ọ̀nà ti pàdé ni ìgbajúmọ̀ ti wá. Olórin náà, Aya Nakamura, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó hàn sí gbogbo ayé. Bamako ni a ti bí i ní ọdún 1995, ilẹ̀ Faransé ni ó dàgbà sí; orin rẹ̀, Djadja, gbòde ní ọdún 2018, ó sì kọrin níbi ìṣíde Òlíńpíìkì ní Paris ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2024. Mali, níbi tí a ti bí i, kì í ṣe ilẹ̀ Akan. Nakamura, tí ó fi kún un, wá láti ara ẹ̀dá-ìtàn ọmọ Japáànù kan nínú eré tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ méjèèjì pọ̀ lè rò pé Aya náà ti Japáànù wá. Bí orúkọ kan bá ti lè wọ ilé mẹ́ta láìkan ilẹ̀kùn, ó dájú pé kò ní í pẹ́ kí ó gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀kan ṣoṣo ni ó ń béèrè ọjọ́ tí a bí ọmọ náà. Òbí tí ó bá sọ ọmọ rẹ̀ ní Aya ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun nítorí ìwé aláwòrán kò ṣẹ̀. Orúkọ ni ó sọ ọmọ rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí onímọ̀ sọ ni pé orúkọ náà ti kúrò nínú ètò kan bọ́ sínú òmíràn, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ àyálò ṣe máa ń ṣe.

6.0 ORÚKỌ GẸ́GẸ́ BÍ Ẹ̀RÍ

Gbogbo èyí lè dà bí ọ̀rọ̀ inú ìwé nìkan bí kò bá jẹ́ ohun tí wọ́n ti fi orúkọ ṣe ní Côte d'Ivoire. Láti àárín ọdún mẹ́wàá 1990, nígbà ìjọba Henri Konan Bédié, èrò tí a ń pè ní ivoirité wọ inú ìṣèlú. Ìwé òfin ọdún 2000 béèrè pé kí bàbá àti ìyá ẹni tí ó fẹ́ du ipò ààrẹ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà láti ìbí. Lẹ́yìn tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, orúkọ tí ó wà lórí káàdì ìdánimọ̀ di ohun tí wọ́n ń fi dá ènìyàn dúró ní ojú ọ̀nà. Orúkọ tí ó bá ní ohùn àríwá di ẹ̀sùn; orúkọ Akan di ẹ̀rí pé ẹni náà jẹ́ ti ilẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, òfin ọdún 1972 ti yọ ọ̀nà tí ọmọ àjèjì tí a bí ní ilẹ̀ náà fi lè di ọmọ onílẹ̀ nípa ìkéde kúrò. Òfin àkànṣe ọdún 2013 ṣí ọ̀nà náà padà fún ìgbà díẹ̀ péré.

Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní ẹjọ́ láti rò níhìn-ín, ẹjọ́ náà kò sì le. Yao jẹ́ orúkọ ní Côte d'Ivoire, ní Tógò àti ní Gánà, níbi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ ní Yaw. Akan tí ó ré ààlà kọjá kò pààrọ̀ orúkọ. Nítorí náà, orúkọ tí wọ́n ń pè ní ẹ̀rí jíjẹ́ ọmọ onílẹ̀ kò lè ya ọmọ Bouaké sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ Kumasi tàbí ọmọ Lomé. Ní ìdàkejì, Aya lè jẹ́ ọmọ Mùsùlùmí tí orúkọ rẹ̀ ti inú èdè Lárúbáwá wá, Jímọ̀ tí wọ́n ń wò bí àjèjì sì lè jẹ́ ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ àgbà ti sin òkú wọn sí Treichville. Orúkọ lè sọ èdè tí ó ti wá, ó lè sọ ọjọ́, ó lè sọ ìgbàgbọ́. Kò sí mọ́fíìmù kan nínú rẹ̀ tí ó ń sọ orílẹ̀-èdè. Ẹni tí ó bá ka orílẹ̀-èdè jáde láti inú orúkọ, òun ni ó mú un wọ inú rẹ̀.

Lójú èyí, àṣìṣe kékeré inú ìwé orúkọ kì í ṣe kékeré mọ́. Àṣà tí ó ń fún lẹ́tà mẹ́ta ní ìtumọ̀ kan, tí ó sì ń fún ìtumọ̀ náà ní ilẹ̀ kan, ni olùṣọ́ ojú ọ̀nà náà ń lò. Òun kò ka ìwé wa, ṣùgbọ́n a ti ń ro irú èrò rẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

7.0 ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé Aya Baoulé jẹ́ àfòmọ́ a- àti orúkọ ọjọ́ Ya. Pé kì í ṣe Yaa Twi tí a kọ ní ọ̀nà mìíràn. Pé ìyàtọ̀ láàrin Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì jẹ́ ti ibi tí àyípo ọjọ́ ti pàdé kàlẹ́ńdà òkè òkun. Pé òfin ọdún 1964 gba ọjọ́ kúrò nínú orúkọ ọkùnrin ju ti obìnrin lọ. Àti pé ìgbajúmọ̀ òde òní ti ibi ìpàdé ìwé kan àti àwọn orúkọ aláfijọ wá.

Àbá mẹ́ta ni ó tẹ̀ lé e fún àwọn tí ó ń ṣe àkójọ orúkọ ní ẹkùn ilẹ̀ yìí. Kí àkọsílẹ̀ orúkọ kọ̀ọ̀kan sọ èdè rẹ̀, kí ó tú ìhun rẹ̀, kí ó sì fi àmì ohùn sí i, gẹ́gẹ́ bí Babalọlá àti Àlàbá ti ṣe fún Yorùbá, tí YorubaName.com tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀ sì ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí orúkọ tí ó bá jọra nínú àkọtọ́ ní àkọsílẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí orúkọ ọjọ́ sì fi ipò rẹ̀ nínú àyípo hàn kí ó tó fi ọjọ́ òkè òkun hàn. Iṣẹ́ yìí wà ní ìkáwọ́ Institut de Linguistique Appliquée àti àwọn ẹka ẹ̀kọ́ ẹ̀dá-èdè ní Ìbàdàn, Legon àti Lomé bí wọ́n bá fọwọ́ sowọ́ pọ̀, nítorí pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ní gbogbo èdè tí orúkọ kan gbà kọjá.

Ilé ni Yorùbá ń wò, ọjọ́ ni Baoulé ń wò. Akọ̀wé ìjọba àti olùṣọ́ ojú ọ̀nà ní Abidjan kò wo èyíkéyìí nínú méjèèjì: lẹ́tà ni wọ́n wò. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá jẹ́ lẹ́tà nìkan ni àwọn onímọ̀ náà ń wò, kò sí ohun tí wọ́n lè fi tọ́ wọn sọ́nà.